Àgbá Omi Tí Ń Yí Nílẹ̀: Kí Àwọn Ọmọ Wa Tó Gbé E Jáde fún Ìdánwò

 Bí a bá ti kí abiyamọ tuntun tán, tí a sì ti bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn, ọ̀rọ̀ omi ni ó máa ń kù lẹ́nu gbogbo wa. Ilé tí ó ní kànga ẹlẹ́rọ ń retí iná mànàmáná kí omi tó lè gòkè. Ilé tí kò ní ń retí mérúwà pẹ̀lú ọmọlanke rẹ̀. Ilé tí kò sì ní owó mérúwà, ọmọ ni wọ́n ń rán. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí a ń rán yìí ni a fẹ́ sọ, àti ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, tí wọ́n sì fẹ́ bá a sọ ẹrù náà kalẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ní Minna, ní Zaria, ní Ìlọrin, ní Àkúrẹ́ àti ní Gwagwalada níhìn-ín. Kí ọmọ ẹnjiníà tó gba oyè, ó ní láti ṣe iṣẹ́ kan ní ọdún ìkẹyìn tí yóò fi hàn pé ohun tí ó kọ́ kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Omi gbígbé jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó máa ń fa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ra, nítorí pé àwọn náà ti ru omi rí. Wọn a ya àwòrán, wọn a gé ike, wọn a jó irin pọ̀, ohun tuntun a sì jáde. Ibi tí iṣẹ́ ti ń le ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé ohun tuntun náà jáde lọ dán wò lójú ayé.

Ìmọ̀ràn wa fún wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má ṣe dán an wò bí ẹni pé kò sí ohun tí àwọn ènìyàn fi ń gbé omi tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ orí, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èjìká, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọmọlanke, kí a wò ó bí yóò borí wọn.

ẸRÙ TÍ OMI JẸ́

Lítà omi kan wọn kílò kan. Kẹ́ẹ̀gì tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí ó gba lítà 25, jẹ́ ẹrù kílò 25, a kò tíì ka ike rẹ̀ mọ́ ọn. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá lọ sí ìdí omi lẹ́ẹ̀mejì, tí ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì kan bọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì kan ni ó ti rù wọlé kí ó tó wọ aṣọ ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ fún ilé ènìyàn mẹ́fà. Bí olúkúlùkù bá ń lo lítà 20 péré lójúmọ́ fún mímu, fún sísè àti fún wíwẹ̀, lítà 120 ni ilé náà nílò. Kẹ́ẹ̀gì márùn-ún nìyẹn, láìka omi tí a fi ń fọ aṣọ. Àjọ UNICEF sọ ní ọdún 2016 pé bí a bá kó gbogbo wákàtí tí àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin ayé ń lò nídìí omi pípọn jọ, yóò tó 200 mílíọ̀nù wákàtí lójúmọ́ kan. Àjọ náà àti Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi ìwọ̀n kan lélẹ̀: bí lílọ, títò sórí ìlà àti bíbọ̀ bá ti ju ìṣẹ́jú 30 lọ, wọn kò ní ka ilé bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn tí omi sún mọ́ tó bí ó ti yẹ. Kí olúkúlùkù wa wo aago nígbà tí a bá tún rán ọmọ níṣẹ́ omi, kí a sì mọ ibi tí ilé wa wà.

ORÍ ÀTI ÈJÌKÁ

Àwa Yorùbá, orí ni a fi ń ru omi. A ká òṣùká, a gbé e lé àtàrí, a gbé orù lé e, a sì ń lọ láìfi ọwọ́ kàn án. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe èyí ní ìwà òpè. Ní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, tí ẹrù rírù ti mọ́ lára, lè ru ẹrù tí ó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn láìjẹ́ pé agbára tí ara wọn ń lò lé sí i. Ìyẹn ni pé obìnrin tí ó wọn kílò 60 lè ru kílò 12 bí ẹni tí kò ru nǹkan kan. Ọgbọ́n ìrìn ni, àṣà ni ó sì kọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kílò 12 kò tó ìdajì kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Bí ẹrù bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ara a bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè rẹ̀. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní ọdún 2010 láti agbègbè Limpopo ní Gúúsù Áfíríkà fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ru omi níbẹ̀ ni ó ń jẹ ìrora ọrùn àti ẹ̀yìn. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń fi epo pa ọrùn lálaalẹ́ kò nílò kí onímọ̀ kan sọ èyí fún wọn. Ẹni tí ó ru ẹrù ni ó mọ bí ó ti wúwo tó.

Àwọn Gbàgyí, tí wọ́n wà lórí ilẹ̀ yìí kí ìjọba tó sọ ọ́ di ilẹ̀ olú-ìlú ní ọdún 1976, èjìká ni àwọn obìnrin wọn fi ń ru ẹrù. Ohun tí a ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé orí ni ọba ara, kò sì yẹ kí a di ẹrù ru ọba. Ẹni tí ó bá ní owó náírà 20 lọ́wọ́, kí ó yí i padà kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Obìnrin amọ̀kòkò tí ó wà níbẹ̀ ni Ladi Kwali, ọmọ Gbàgyí láti Kwali, tí ó wà nínú ilẹ̀ olú-ìlú yìí kan náà. Ní ọdún 1954 ni ó wọ ilé ìmọ̀kòkò tí òyìnbó kan, Michael Cardew, dá sílẹ̀ ní Àbújá àtijọ́, èyí tí a ń pè ní Suleja lónìí. Ìkòkò omi irú èyí tí àwọn ìyá rẹ̀ ń mọ ni ó sọ ọ́ di olókìkí títí dé òkè òkun.

A sọ èyí kí àwọn ọmọ wa lè mọ̀ pé kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo ni wọ́n ń gbé ohun tuntun wọn wá. Ìkòkò àti èjìká ti ń ṣe iṣẹ́ yìí níhìn-ín kí àwa tó dé.

ÀGBÁ TÍ Ń YÍ

Ní ọdún 1991, àwọn ẹnjiníà méjì ní Gúúsù Áfíríkà, Pettie Petzer àti Johan Jonker, rò ó pé bí omi bá wúwo jù láti rù, ṣé a kò lè máa yí i ni? Wọ́n ṣe àgbá ike tí ó gba lítà 90, wọ́n fi ọ̀pá irin kọ́ ọ lọ́tùn-ún lósì kí a lè fi ọwọ́ tì í, ó sì di ohun tí a mọ̀ sí Hippo Roller. Àgbá náà fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́ táyà: omi wà nínú, ìdérí le pinpin, ènìyàn ń tì í tàbí ó ń fà á, ilẹ̀ ni ó sì ń gbé ìwọ̀n ẹrù náà. Àwọn tí ń ṣe é sọ pé lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́, lítà 90 náà a máa dà bí kílò 10 lọ́wọ́ ẹni tí ń tì í.

Ní ọdún 1993, ọmọ ilẹ̀ náà mìíràn, Hans Hendrikse, ṣe irú tirẹ̀ tí ó pè ní Q Drum. Lítà 50 ni ó gbà, ihò la àárín rẹ̀ já bí òrùka, okùn ni a sì ń kì bọ ihò náà láti fi fà á. Kò sí irin lára rẹ̀ tí yóò dípẹtà. Bí okùn bá já, a wá òmíràn. Lẹ́yìn náà ni Cynthia Koenig, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Michigan, dá ilé-iṣẹ́ Wello sílẹ̀ láti ṣe àgbá tí ń yí fún àwọn ará Íńdíà. Àwọn obìnrin abúlé ní Rajasthan ni ó kọ́kọ́ lọ bá, ó sì ń gbọ́ tẹnu wọn kí àgbá rẹ̀ tó di ohun títà.

Ìdí tí yíyí fi fúyẹ́ ju rírù lọ kò ṣòro. Bí a bá ru ẹrù, gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ wà lára wa láti ìdí omi dé ilé. Bí a bá yí i, ilẹ̀ gba ìwọ̀n náà, ohun tí ó kù fún wa kò ju ìdíwọ́ tí ilẹ̀ ń ṣe fún àgbá lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí ìrọ̀rùn rẹ̀ wà ni ìṣòro rẹ̀ wà. Ilẹ̀ tí ó bá le tí ó sì tẹ́ a máa yọ̀ǹda; iyanrìn, ẹrẹ̀, òkúta àti òkè kì í yọ̀ǹda.

ÀRÍKỌ́GBỌ́N

Ẹ̀rọ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹnjiníà mọ ìtàn rẹ̀. PlayPump ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n so ẹ̀rọ tí ń fa omi mọ́ ohun ìṣeré tí àwọn ọmọdé ń gùn tí ó ń yí po, pé bí wọ́n ti ń ṣeré ni omi yóò máa gòkè sínú táńkì. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ní ọdún 2006, ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn olówó kan níbẹ̀ ṣèlérí owó tí ó ju mílíọ̀nù 16 dọ́là lọ. Èrò wọn ni pé 4,000 irú ẹ̀rọ náà yóò ti wà káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà nígbà tí ọdún 2010 bá fi dé.

Nígbà tí ó yá, eré sú àwọn ọmọ. Àwọn ìyá ni ó kù tí ń fi ọwọ́ yí i nínú oòrùn. Níbòmíràn, ẹ̀rọ bàjẹ́, kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe. Èyí tí ó dunni jù ni pé ní àwọn ibì kan, wọ́n ti yọ ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kúrò kí wọ́n tó ri tuntun mọ́lẹ̀. Ní ọdún 2009, ìwé ìròyìn Guardian ti London ṣe ìṣirò pé kí ẹ̀rọ kan tó lè fún iye ènìyàn tí wọ́n kà sí i lórí ní omi tí ó tó, àwọn ọmọ ní láti ṣeré fún wákàtí 27 lójúmọ́. Ọjọ́ tí Ọlọ́run dá, wákàtí 24 ni.

Kì í ṣe pé àwọn tí ó ṣe é jẹ́ ènìyàn búburú. Wọn kò fi ohun tuntun náà wé ohun tí àwọn ará abúlé ti ní lọ́wọ́ ni, wọn kò sì fi etí sílẹ̀ tó sí ẹni tí yóò máa lò ó.

BÍ ÌDÁNWÒ YÓÒ TI LỌ NÍ LOKOGOMA

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ wá sílé. Lójú ọ̀nà ọ̀dà inú ẹ́sítéètì, mérúwà kan lè ti kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá lórí ọmọlanke, ìyẹn lítà 250, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí àgbá lítà 90 tí yóò lé e bá níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá dán àgbá rẹ̀ wò lójú ọ̀dà, tí ó wá ní òun ti ṣẹ́gun, orí nìkan ni ó ṣẹ́gun, kò ṣẹ́gun ọmọlanke. Ibi tí àgbá ti lè wúlò ni ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ọmọlanke kò lè gbà, àti ilé tí kò ní agbára láti máa san owó mérúwà lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni kí ìdánwò ti wáyé.

Èkínní, kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ohun tí ó wà. Kí wọ́n tẹ̀lé àwọn tí ń pọn omi fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n kọ iye ìṣẹ́jú, iye ìrìn, iye lítà àti ọjọ́ orí ẹni tí ó rù ú. Bí wọn kò bá ní èyí lọ́wọ́, kò sí ohun tí wọn yóò fi mọ̀ bóyá àgbá wọn mú ìrọ̀rùn wá.

Èkejì, kí wọ́n fi òṣùwọ̀n tí a ń fi kọ́ ẹran kọ́ ọ̀pá àgbá náà, kí wọ́n sì wo iye kílò tí fífà rẹ̀ gbà: lójú ọ̀dà, lórí ilẹ̀ pupa gbígbẹ, nínú iyanrìn, àti ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ọ̀nà bá gòkè ní mítà kan láàárín mítà mẹ́wàá, ẹni tí ń ti lítà 90 yóò fi agbára tí ó tó kílò 9 kún ti tẹ́lẹ̀. Àgbá lítà 50 yóò bèèrè kílò 5. Bí ẹni tí yóò lò ó bá jẹ́ ọmọ ọdún 12, ó lè jẹ́ pé àgbá kékeré ni ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n wọn èyí tí ó kún àti èyí tí ó dé ìdajì, nítorí pé omi tí kò kún àgbá a máa bì síwá bì sẹ́yìn nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n wo ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìrìn. Báwo ni omi yóò ṣe wọ inú àgbá nídìí ẹ̀rọ, nígbà tí èrò bá tò sẹ́yìn tí wọ́n ń kanra? Nígbà tí ó bá délé ńkọ́? Kò sí ìyá tí yóò gbé kílò 90 dà sínú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni àgbá kì í gun àtẹ̀gùn. Bí kò bá sí ọ̀nà tí omi yóò gbà tú jáde díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí. Kí ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ tó kí ọwọ́ lè wọ inú rẹ̀ láti fọ̀ ọ́, nítorí pé omi tí ó mọ́ ní ìdí kànga a máa dọ̀tí nínú ohun èlò tí kò mọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n má ṣe dán an wò ní ìgbà kan ṣoṣo nínú ọdún. Ilẹ̀ tí ó le bí àpáta nígbà ọyẹ́ ni yóò di ẹrẹ̀ bí òjò bá dé. Kí wọ́n yí i lórí òkúta wẹẹrẹ títí di ọjọ́ púpọ̀, kí wọ́n sì wo ara ike náà bóyá ó ń fẹ́lẹ́. Ìdérí náà ńkọ́? Kí wọ́n wọn omi kí ó tó gbéra, kí wọ́n tún un wọ̀n nígbà tí ó bá délé.

Ẹ̀karùn-ún, owó àti àtúnṣe. Kí wọ́n ka iye tí àgbá kan yóò ná wọn, kí wọ́n fi wé iye kẹ́ẹ̀gì àti bárò tí owó kan náà lè rà. Kí wọ́n gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ajórinmọ́rin ní abúlé àwọn mẹkáníìkì ní Apo, kí wọ́n bi wọ́n bí wọ́n bá lè tún un ṣe. Ohun tí a kò lè tún ṣe ní Apo, ìgbà díẹ̀ ni yóò lò ní Lokogoma.

KÍ ỌMỌ MÁ FARA GBÁ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Àgbá tí ó ní kílò 90 nínú, bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò mọ ọmọ, kò mọ àgbà. Àwọn ọmọ tí ó ṣe é ni kí ó kọ́kọ́ ti í gòkè, kí wọ́n sì kọ́kọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n pe àwọn àgbàlagbà. Ọmọdé ni kí ó kẹ́yìn, pẹ̀lú àṣẹ òbí rẹ̀, omi díẹ̀ sì ni kí ó wà nínú rẹ̀. A kì í fi ọmọ ẹlòmíràn dán ohun tí kò tíì dá wa lójú wò.

Bí wọ́n bá fẹ́ wọ àárín àwọn Gbàgyí, kí wọ́n lọ kí baálẹ̀ ibẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n sì jókòó ti àwọn ìyá. Ẹni tí ó ti ń ru ẹrù lójú èjìká láti kékeré lè má fẹ́ràn ohun tí yóò mú un tẹ̀ba lẹ́yìn ọ̀pá. Ohun tí ó bá sọ ni kí wọ́n kọ sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó sọ.

ÌPA TI ÀWA ÒBÍ

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe dá àwọn ọmọ wọ̀nyí padà lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n bá wá pẹ̀lú òṣùwọ̀n àti ìwé wọn. Ẹ sì má ṣe yìn wọ́n torí pé ọmọ wa ni wọ́n. Bí ọ̀pá náà bá ga jù, ẹ wí. Bí ó bá ń dun ọwọ́, ẹ wí. Bí ó bá jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì yín ni ó sàn jù, ẹ sọ ọ́ láìtijú. Ọ̀rọ̀ tí ó korò lẹ́nu ìyá lónìí ni yóò gba ọmọ lọ́wọ́ owó tí yóò ṣòfò lọ́la. Ẹ̀yin bàbá, ẹ bi ọmọ yín léèrè ohun tí ó ń ṣe, kì í ṣe ọjọ́ tí yóò gboyè nìkan.

Kí a má sì gbàgbé pé àgbá tí ó dára jù lọ kò lè mú omi jáde láti inú ilẹ̀. Ìdídò Usuma wà lọ́hùn-ún ní ẹ̀bá Ushafa. Páìpù tí ó gùn tó kìlómítà 75 ni wọ́n sì là láti Gurara ní ìpínlẹ̀ Kàdúná láti máa bu omi kún un. Páìpù tí ó lè ti ibẹ̀ wá kò yẹ kí ó ṣòro láti wọ ilé wa. Kí ẹgbẹ́ wa má ṣe dẹ́kun láti máa béèrè èyí lọ́wọ́ ìjọba, kí ẹnikẹ́ni má sì fi àgbá tí ń yí dá wa lẹ́kun. Títí omi ẹ̀rọ yóò fi dé, ọrùn ọmọ ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ wa tí ó bá ti ṣe irú ìdánwò yìí parí, kí ó kó èsì rẹ̀ wá sí ìpàdé: iye ìṣẹ́jú, iye kílò, iye owó, àti ibi tí ó ti kùnà. Ibi tí ó ti kùnà gan-an ni yóò wúlò jù fún àbúrò rẹ̀ tí yóò tún gbìyànjú lọ́dún tí ń bọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí omi wọ́n wa nílé, kí ó sì tú ẹrù lọ́rùn àwọn ọmọ wa.